Olúwa Yọ Tanímọ̀la Lọ́wọ́ Oògùn Orúnkún



Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ pé mo fẹ́ jẹ́rìí, arábìnrin tó mú báírò lọ́wọ́ bi mí pé irú ẹ̀rí wo ni: ti ọmọ ni, ti ìrìn àjò ni, ti iṣẹ́ ni, àbí ti ìwòsàn. Mo ní ìwòsàn ni. Ó ní ta ni Olúwa wò sàn. Mo ní ajá mi ni. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ẹ ní kí ni?" Mo ní ajá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń gbó. Ó rò ó títí, ó wá kọ "ìwòsàn nínú ẹbí" síwájú orúkọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òótọ́ ló kọ.

Kí n tètè dá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lóhùn. Sólómọ́nì ò yọ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ nínú ìwé Òwe nígbà tó ń sọ irú ẹni tí olódodo jẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù rí áńgẹ́lì kí wòlíì tó gùn ún tó rí i. Nígbà tí Lásárù dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà olówó, ajá ló yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ajá ò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ dúpẹ́, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn.

Tanímọ̀la lorúkọ ẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn nígbà tí a ṣì wà ní Múṣin, tí lanlọ́ọ̀dù ń halẹ̀ mọ́ wa pé òun á kó ẹrù wa síta. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́, tí lanlọ́ọ̀dù bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ mi á bọ́ sójúde, wọn á pe "Tanímọ̀laaa!" Ajá á sáré jáde, lanlọ́ọ̀dù á wọlé. A ti kó wá sí apá Ìtìrẹ́ ní Sùúrùlérè, ọkọ mi ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ ti tẹ̀lé iṣẹ́ lọ. Èmi àti Tanímọ̀la la kù nílé. Ajá ìbílẹ̀ ni, pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, ìkejì tẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lówó mọ́tò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan géètì wa lóru kí n má mọ̀, láàárọ̀ sì rèé, òun ni mo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Opó tó bá wà níjókòó yìí mọ ohun tí mò ń wí.

Àbúrò ọkọ mi wá kí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Orúnkún ń dà á láàmú. Nígbà tó sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, ó yà sí kẹ́mísì, ó ra káàdì ibuprofen kan, oníhóró mẹ́wàá, mílígírámù 400 nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó oògùn ni o, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá. Ó ra súyà fún èmi àti òun, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kan, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga ní pálọ̀, ó wọlé lọ wẹ eruku ọ̀nà nù.

Kíṣìnnì ni mo wà tí mò ń ro àmàlà. Nígbà tí n ó fi jáde, súyà ti tán, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e ti fàya, káàdì oògùn ti di jákujàku nílẹ̀. Oògùn yẹn, wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ pupa bò ó lára kó má baà korò lẹ́nu wa. Ajá tó bá feyín kàn án, adùn ló máa bá, pàápàá tí ata súyà bá ti ta sí i lára. Mo wá abẹ́ àga, mo wá abẹ́ tábìlì, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Hóró méjì ni mo rí. Tanímọ̀la jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n ẹnu lá, ó ń ju ìrù.

Ariwo tí mo pa ló kó àwọn alájọgbélé wa jáde. Ẹ̀yin náà mọ àdúgbò wa: tí nǹkan bá ti ṣeni, dókítà mẹ́wàá á yọjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì gbé ìgò epo pupa dé, ó ní ká rọ ọ́ sí i lọ́fun, pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Ẹnìkan ní mílíìkì agolo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan ní omi àgbọn. Ẹnìkan ti ń po iyọ̀ sómi. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n, mi ò bú wọn. Èmi sáré mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi Tanímọ̀la nínú dúrọ́ọ̀, nọ́ńbà dókítà ẹran tó gún un wà lẹ́yìn ẹ̀. Olúwa ṣe é, ó gbé e níṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ó bi mí pé kí ló jẹ, mélòó ló jẹ, ìgbà wo ló jẹ ẹ́. Ó ní kí n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Epo ò lè fa oògùn yẹn jáde, tí ajá bá sì ń jà bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, epo lè ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Iyọ̀ tó bá pọ̀ lè ṣe é léṣe kí oògùn tó ṣe é. Ó ní kí n kó gbogbo àjákù káàdì yẹn dání, kí n sì máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé ibuprofen kì í pẹ́ níkùn kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí. Kí n tó parí ìpè yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé wa ti pe ọkùnrin kan tó ń ta ọmọ ajá, tó sì tún ń gún ajá lábẹ́rẹ́ kiri àdúgbò. Ọkùnrin náà ní ká má mikàn, òun ń bọ̀, abẹ́rẹ́ dexamethasone wà lápò òun, kò sóhun tí kì í lé lọ. Ó ní òun ti dé Ojúẹlẹ́gba. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un mọ́bẹ̀, lábẹ́ bíríìjì. Inú bí mi sí i nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá sọ ọ́ fún dókítà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dúpẹ́." Ó ní ọ̀tá ògiri ikùn ni oògùn méjèèjì, àti pé tí wọ́n bá gbé ọ̀kan gun èkejì, ikùn ajá lè lu jára. Ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní gáréèjì, tí ọkọ̀ yẹn wá ní jàǹbá lójú ọ̀nà. Tèmi rèé. Gbogbo wa là ń gégùn-ún fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Olúwa rán an níṣẹ́.

Ó ku ọkọ̀ tó máa gbé wa. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń wò wá, wọ́n ń wo ajá, wọ́n ń tẹná. Bàbá kan tó dé fìlà funfun ló dúró. Mo rí tẹ̀sùbáà tó fi kọ́ gíláàsì, mo sì ń wá ohùn ẹ̀bẹ̀. Bàbá náà ò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní ká wọlé, pé òun á fọ ìjókòó òun tóun bá délé, pé ẹ̀mí ni ẹ̀mí ń jẹ́. Ó gba ọ̀nà inú, ó gbé wa kọjá níwájú LUTH ní Ìdí-Àràbà. Àbúrò ọkọ mi, tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ní ṣé wọn ò lè gba ajá níbí ni. Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn pàápàá ń bẹ̀ kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. A já sí apá Yábàá. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, iye tó ń gbà lọ́wọ́ èrò ló gbà, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún bàbá yẹn, ibi yòówù kó máa kírun sí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, Ìbàdàn ló ti kàwé ìṣègùn ẹran. Kò pariwo, kò sì fi mí ṣàánú lásán. Ó gbé Tanímọ̀la sórí òṣùwọ̀n: kílò 16. Ó da àjákù káàdì sórí tábìlì, ó ń tò wọ́n pọ̀ títí ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi pé, ó gbé hóró méjì tí mo rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá mú báírò, ó ṣe ìṣirò sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́. Hóró 8, ní mílígírámù 400, jẹ́ 3,200. Ó pín in sí 16. Ó fa ìlà sábẹ́ 200.

Ó ní tí ajá bá jẹ ibuprofen tó tó nǹkan bíi mílígírámù 100 fún kílò kan ara ẹ̀, inú ẹ̀ á dàrú, á máa bì, á máa ṣu. Tó bá ti tó 175, ọ̀rọ̀ ti kan kíndìnrín. Tó bá tó 400, gìrì lè gbé e, ó lè dákú. Tó bá kọjá 600, ikú ni. Àní ìwọ̀nba mílígírámù 8 fún kílò, tí wọ́n bá ń fún ajá lójoojúmọ́ fún oṣù kan, ti tó láti dá ọgbẹ́ sí i nínú. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo lè ya kíndìnrín sójú bọ́ọ̀dù láì wo ìwé, pẹ̀lú gbogbo orúkọ inú ẹ̀. Mo wo 200 yẹn, mo mọ ibi tó bọ́ sí.

Wọ́n fi ṣíríǹjì wọn hydrogen peroxide, èyí tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n fún un ní ìwọ̀n tí ara ẹ̀ gbà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé. Kò pẹ́, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nkùn, ó na ọrùn, ó bì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi àgbàlagbà, mò ń fi igi tú èébì ajá: ẹran súyà odidi, àlùbọ́sà, omi pupa, àti hóró oògùn kan tó ti yọ́ dé àárín. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fún un ní èédú. Kì í ṣe èédú tí àwọn onísúyà Ojúwòyè ń lò o, torí ẹnìkan ti bi mí. Èyí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé e lórí kí ihò tíntìntín pọ̀ lára ẹ̀, kí oògùn lè há síbẹ̀ kó má wọ ẹ̀jẹ̀. Ó sì ní òun á tún fún un níyẹn sí i tó bá yá, torí ibuprofen ní ọgbọ́nkọ́gbọ́n kan: tó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á tì í sínú òróòro, òróòro á tú u padà sínú ìfun, ìfun á tún fà á mu. Ibi tí ẹ rò pé ó ti tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Tanímọ̀la gbọn orí lẹ́ẹ̀kan, èédú fò mọ́ ògiri, ó fò mọ́ gíláàsì dókítà, ó fò mọ́ búláòsì mi. Búláòsì yẹn ṣì wà nílé, kò mọ́ mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí ohun tó ń mú orúnkún èèyàn fúyẹ́ fi ń pa ajá. Ó dá mi lóhùn tíṣà sí tíṣà. Nínú ara wa àti nínú ara ajá, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Òun ló ń jẹ́ kí ibi tí a ti fara pa wú, kó gbóná, kó máa roni. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló ń mú kí ikùn máa ṣe omi yíyọ̀ tó ń bo ògiri ẹ̀ kí àsìdì má jẹ ẹ́, òun ló sì ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú kíndìnrín. Oògùn tó bá dí i lọ́wọ́ ní orúnkún ò mọ̀ pé kò yẹ kóun dí i lọ́wọ́ níkùn. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, ló ṣàlàyé ní 1971 pé bí aspirin ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Orúkọ yẹn ti wà nínú nóòtì mi tipẹ́, mo ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn ló jáde nínú nóòtì wá bá mi.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti ajá ni pé ara tiwọn kì í tètè tú oògùn wọ̀nyí dànù, ikùn wọn sì gbẹgẹ́ sí i ju tiwa lọ. Naproxen, tí ìdajì ẹ̀ ń kúrò lára èèyàn ní nǹkan bíi wákàtí 15, lè lo 74 lára ajá kí ìdajì ẹ̀ tó lọ. Ibuprofen gan-an, Stewart Adams àti John Nicholson ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ Boots ní Nottingham, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí ara àwọn tí oríkèé ń ro máa gbà ju aspirin lọ. Ní 1969, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní Gẹ̀ẹ́sì, Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó sọ pé àwọn ajá tí àwọn ń fún lóògùn náà ní ọgbẹ́ inú. Ẹ ò rí i pé àwọn ajá ti jẹ́rìí ṣáájú mi, a kàn ò gbọ́ ni.

Àbúrò ọkọ mi ní Alábùkún ńkọ́, tí òun ì bá ra Alábùkún. Gbogbo wa la dàgbà bá ìyẹ̀fun yẹn. Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1918, orí fífọ́ bàbá mi àti ti bàbá ọkọ mi ló lọ fún un. Dókítà ní aspirin àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀, ajá ò sì fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Oògùn rere ni, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún.

Wọ́n wá so Tanímọ̀la mọ́ omi. Wọ́n fá irun apá ẹ̀, wọ́n wá iṣan, wọ́n gbé ike omi kọ́ ìṣó lára ògiri. Omi yẹn ni oògùn gan-an, kó lè máa ṣàn gba inú kíndìnrín kọjá, kí ẹ̀jẹ̀ má dúró lójú kan níbẹ̀. Wákàtí 48 ló kéré tán, ó sì lè tó 72. Wọ́n múná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò ṣiṣẹ́, àyà mi já. Dókítà ní kí n wòkè. Omi ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀, tọ̀, kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣó àti ike omi ni Olúwa fi ń ṣiṣẹ́ lóru yẹn, mi ò sì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ yàn láàárín Ẹni tó ń wo ni sàn àti ohun tó fi ń wo ni.

Ilẹ̀ ò mọ́ ire. Ó kọ oúnjẹ. Èrìgì ẹ̀, tó máa ń pupa, ti ṣì, ìgbẹ́ tó yà sì dúdú kirikiri, ó ń yi. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó ti dà níkùn tó sì ti jinná kó tó jáde. Wọ́n gún un ní omeprazole kí àsìdì lè dín. Wọ́n po sucralfate pọ̀ mọ́ omi títí ó fi ki, wọ́n fún un mu kó lè lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, bí ògì tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ara ògiri. Wọ́n mú misoprostol jáde, oògùn tí àwọn agbẹ̀bí mọ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí dókítà tó ṣí i, ó bi ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ bóyá ó lóyún, torí aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn án. Ohun tí ibuprofen jí gbé ni misoprostol fi ń dípò: prostaglandin àtọwọ́dá ni.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sí láàbù. Creatinine ti gòkè. Dókítà ní ohun tóun ń wá báyìí ni ìtọ̀. Tí ajá bá ń gba omi tí kò tọ̀, a jẹ́ pé kíndìnrín ti ń tilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, mo ti gbàdúrà fún ilé, mo ti gbàdúrà fún ọmọ, mo ti gbàdúrà kí ìjọba san owó ìfẹ̀yìntì mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí ajá sùn lé, mo ní, "Olúwa, Ìwọ tó la Òkun Pupa, jẹ́ kí Tanímọ̀la tọ̀." Mi ò rí ìwé àdúrà tó ní èyí nínú. Àbúrò ọkọ mi ní Àmín, pẹ̀lú orúnkún tó ti wú sí i látàrí ìjókòó orí àga pákó. Ó bi dókítà bóyá ó ní nǹkan ìrora tóun lè lò. Dókítà ní kó jọ̀ọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lòun ń wò.

Nígbà tí oòrùn ti wọlé dáadáa, Tanímọ̀la dìde. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó fa okùn omi lọ dé òpó ẹnu ọ̀nà, ó gbóòórùn ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tọ̀, ó tọ̀, ìtọ̀ ṣàn dé abẹ́ àga àwọn tó ń dúró de ológbò wọn. Mo pariwo "Halelúyà!" Obìnrin tó gbé ológbò mọ́ra pariwo "Allahu Akbar!" Ọmọbìnrin tó ń nulẹ̀ nìkan ló dákẹ́. Ẹ yin Olúwa! Ẹ yìn ín fún ìtọ̀!

Creatinine bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbẹ́ dúdú dúró. Ó kọ́kọ́ gba ìrẹsì rírọ̀ àti adìyẹ bíbọ̀ lọ́wọ́ mi, díẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tó délé, dókítà fi ìwé láàbù hàn mí, ó fi báírò yí nọ́ńbà náà po: ó ti padà síbi tó yẹ kó wà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ bi mí pé kí wá ni kóun fún ajá òun tó ń tiro. Ẹ má fún un ní nǹkan kan nínú àpò oògùn yín. Diclofenac, piroxicam, naproxen, ará ilé kan náà ni wọ́n. Oògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún ajá wà, bíi carprofen, dókítà ẹran tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council ló máa wọn ajá yín kó tó mọ iye tó máa gbà. Ẹ̀yin onílé ológbò, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀: paracetamol tí ẹ rò pé kò léwu yẹn, ara ológbò ò ní ohun tí á fi tú u ká, hóró kan ṣoṣo lè pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Lápá Índíà, Pakísítánì àti Nepal, màlúù ni wọ́n máa ń fún ní diclofenac tẹ́lẹ̀. Màlúù ò kú nítorí ẹ̀. Igún tó jẹ òkú màlúù ni kíndìnrín wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀, tí igún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọ̀run. Ìwádìí tó jáde ní 2004 ló tú àṣírí ẹ̀, ní 2006 ni wọ́n fòfin de oògùn náà fún ẹran. Igún tí à ń sọ pé kò sóhun tí kò lè jẹ nìyẹn o.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, tó jẹ́ kí n san owó náà ní díẹ̀díẹ̀ láì yọ mí lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wà, tó ń bu ẹ̀wà fún wa lójoojúmọ́ tí a fi wà níbẹ̀, tó sì ti gbé ìgò epo ẹ̀ padà síbi ẹ̀wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi, tó ra àpótí onírin fún oògùn ẹ̀, tó sì ń so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́rùn. Ọrẹ ọpẹ́ mi wà nínú àpòòwé yìí.

Àwọn ọ̀ṣà ò jẹ́ kí Tanímọ̀la wọlé wá dúpẹ́ fúnra ẹ̀, wọ́n ní òfin ni. Ó wà lẹ́nu géètì níta níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi ló dì í mú. Ara ẹ̀ ti yá, ó ti sanra, ojú ẹ̀ sì ti là sí ẹran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá máa gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran lọ sílé nínú ọ̀rá lẹ́yìn ìsìn, kó gbé e sókè tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.